Ìbò Tí A Fi Abẹ́rẹ́ Dì

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà ṣì ń ṣèjọba, tí ẹran ti ń di ohun tí à ń wò lókèèrè, tí igbó ṣì pọ̀ láàárín Ìdímù àti Ìgàndò débi pé ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń bá wa wọ mọ́tò tí kì í sanwó, ìgbà náà ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ má bi mí ní ọdún rẹ̀ gan-an. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà náà, mi ò parí rẹ̀. Orí mi kì í mú ọdún dání bó ti ń mú ọ̀rọ̀ àti ojú ènìyàn.

Ohun tó mú mi gbé e kalẹ̀ ni pé mò ń gbọ́ lẹ́nu ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ẹ̀gbẹ́dá pé kò sí iṣẹ́ tó dára tó èyí tí èèyàn ń ṣe láti inú ilé. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ẹ wọ ṣòkòtò tí ẹ fi sùn, ẹ ní ọ̀làjú dé. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Èmi ti ṣe é kí bàbá ẹlòmíràn nínú yín tó mọ ìyá rẹ̀. Mo mọ adùn rẹ̀, mo mọ ìkorò rẹ̀, mo sì mọ ẹ̀gbin tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀gbin yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà lára mi.

Télọ̀ ni mí. Ilé iṣẹ́ aránṣọ kan wà ní Ìkẹjà nígbà náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó ti kógbá wọlé tipẹ́. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé là ń rán níbẹ̀, àti ẹ̀wù àwọn nọ́ọ̀sì. Àwa òṣìṣẹ́ jẹ́ mẹ́talélọ́gọ́ta, èmi sì ni alága ẹgbẹ́ wa. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo la jọ ń jókòó sí, máṣíìnì kọjú sí máṣíìnì. Bí gbogbo wa bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé adìyẹ tó ń kọjá lójú títì á yé ẹyin tí kò tíì tó àkókò. Bí mánẹ́jà bá sì wá sọ ọ̀rọ̀ tí kò dára, ìka kan ṣoṣo ni mo máa gbé sókè, gbogbo ẹsẹ̀ á dúró. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn máa ń bà á lẹ́rù ju ariwo lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sọ́kàn. Òun ni gbogbo agbára tí a ní.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, ìjì ká òrùlé gbọ̀ngàn wa lọ. Mánẹ́jà pè wá jọ sínú ọgbà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kúkú gbé máṣíìnì yín lọ sílé," ó ní. "Ẹ máa rán an níbẹ̀. Súpáfáísọ̀ á máa gbé aṣọ gígé wá bá yín, á sì máa kó èyí tí ẹ bá rán tán. Oṣù mẹ́ta péré ni."

Alímọ́ṣọ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń gbé: Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdímù, Ìkòtún, Ìgàndò, àwọn kan ní ọ̀nà Ìpájà. A di máṣíìnì sórí ọkọ̀ akẹ́rù bí ẹni ń kó ìyàwó lọ sílé ọkọ.

Kí n má purọ́ jàre, oṣù kìíní dùn. Kò sí pé à ń jí kí àkùkọ tó kọ nítorí mọ́tò Ìkòtún. Kò sí mẹ́gáàdì tó ń bi wá léèrè ìdí tí a fi pẹ́. Oúnjẹ gbígbóná lọ́sàn-án, oorun díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tó bá wù mí ni mo ń wẹ̀. Obìnrin kan wà láàárín wa, Ìyá Rónkẹ́, opó ni, yàrá kan ló ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní Ìgàndò. Kò sí ẹni tó mọ kọ́là rán tó o nínú gbogbo wa. Ó rí mi lọ́jọ́ kan ní ibùdókọ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Alága, mo ń rí ọmọ mi lọ́sàn-án," ó ní. "Mi ò mọ̀ rí pé ó ní àmì kékeré kan lábẹ́ àgbọ̀n. Ọmọ ọdún méje, Alága. Mi ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sí ire kankan nínú iṣẹ́ inú ilé, ẹ sọ fún un pé ẹ gbọ́ nípa àmì tó wà lábẹ́ àgbọ̀n Rónkẹ́.

Ṣùgbọ́n oṣù kìíní kì í ṣe ọdún. Yàrá kan ni púpọ̀ nínú wa ń gbé. Ibi tí ọmọ ń sùn sí ni ẹ̀wù nọ́ọ̀sì ń sùn sí. Ibi tí a ti ń din ẹja ni a ti ń lọ yunifọ́ọ̀mù. Ní Ìdímù, eku kan wọ́ odindi aṣọ nọ́ọ̀sì wọ ihò lọ, èmi fi ojú mi rí i lọ́jọ́ kejì tó dé fìlà rẹ̀. Àwa la ń ra òwú, àwa la ń ra abẹ́rẹ́, àwa la ń ra kẹrosíìnì tí a fi ń tan àtùpà, ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe fún wa tẹ́lẹ̀.

Èyí tó burú jù ni súpáfáísọ̀. Olójú-abẹ́rẹ́ là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kò sí àṣìṣe tí ojú rẹ̀ kì í rí. Ọkùnrin gbígbẹ kan ni, ó máa ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu ìka rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ilé wa. Ní gbọ̀ngàn, ẹ̀yìn tábìlì ló máa ń dúró sí. Ní báyìí, yàrá wa ló ń wọ̀. Kì í kan ilẹ̀kùn. Yóò gbé ẹ̀wù sókè, yóò sì gbé e sí ihò imú.

"Ẹja," á ní, á jù ú sílẹ̀. Á mú òmíràn. "Ìtọ̀ ọmọ." Á mú òmíràn. "Èyí, mi ò tilẹ̀ fẹ́ mọ̀."

Á gbé tìmùtìmù yín sókè, ó ń wá àjákù aṣọ tí ẹ lè fi pamọ́. Obìnrin ń ti ilé ìwẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ìró láyà, ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń ka bọ́tìnnì. Ilé wa ti di ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kò di ilé wa.

Ẹ wá gbọ́ tèmi. Ìyàwó mi, Ìyá Délé, mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ràn mí lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ náà ni pé òun ń rán, èmi ń wo bó ṣe ń rán an. Nígbà tó pé oṣù méjì, ìdì aṣọ ènìyàn méjì ni mò ń gbà, ẹsẹ̀ mi kò sì kan máṣíìnì mọ́. Mo ní ìpàdé. Alága ni mí. Mo ní ẹní kan lábẹ́ igi odán lẹ́yìnkùlé tí mo ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, tí ojú mi bá sì pa dé, ìrònú ló fà á.

Oṣù mẹ́ta pé. Wọ́n tún òrùlé gbọ̀ngàn ṣe, páànù tuntun, ó ń kọ mànà. Wọn ò pè wá padà. Nígbà tí a lọ wò ó, páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló kún ibẹ̀ dé àjà. Mánẹ́jà ti fi yá ẹni tó ń tà á.

Oṣù kẹfà ni abẹ́rẹ́ gún Ìyá Rónkẹ́. Ó gba orí èékánná àtàǹpàkò òsì rẹ̀ wọlé, ó ṣẹ́ sínú egungun. Ó fi aṣọ wé e, ó wọ mọ́tò láti Ìgàndò títí dé kílíníkì ilé iṣẹ́ wa ní Ìkẹjà. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ mú bírò.

"Níbo ló ti ṣẹlẹ̀?"

"Nídìí máṣíìnì yín."

"Níbo ni máṣíìnì náà wà?"

"Nínú yàrá mi, ní Ìgàndò."

Akọ̀wé dé bírò. "Ó ti tán nìyẹn. Ìjàǹbá inú ilé yín ni. Kò kan ilé iṣẹ́."

Ó wọ mọ́tò padà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nínú egungun. Ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí ilé rẹ̀ ló fi ẹ̀mú yọ ọ́, ẹ̀mú tó fi ń yọ ìṣó nínú táyà. Ìka náà wú, ọyún kún inú rẹ̀, ó san, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ mọ́ láéláé. Ó dúró gan-an bí igi.

A pe ìpàdé. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí Ìyá Rónkẹ́ ń lọ ní Ìgàndò yọ̀ǹda àgbàlá wọn fún wa. A bọ́ bàtà, a jókòó lórí iyanrìn. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, ó sì jókòó. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n ti tú wa bí ọwọ̀ tí okùn rẹ̀ já, ẹyọ ọwọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbá ilé. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni à ń béèrè: kí wọ́n kó páálí kúrò, kí wọ́n dá wa padà sí gbọ̀ngàn, kí ó lè jẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ bá gún ẹnì kan, ojú ènìyàn mẹ́talélọ́gọ́ta á rí i. Mo sunkún. Ẹkún tòótọ́ ni. Ẹkún àgbàrá ni. Wọ́n ní omijé mi gbá bàtà ènìyàn méjì lọ sí gọ́tà.

A pinnu pé láti ọjọ́ Ajé, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tẹ máṣíìnì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣe ìyanṣẹ́lódì nínú gbọ̀ngàn, ayé á gbọ́. Ẹ ṣe é nínú yàrá, ta ni yóò mọ̀? Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi ẹsẹ̀ rìn kiri Ìdímù láti wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan mo gbọ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Mo kanlẹ̀kùn. Ó dákẹ́.

"Ta nìyẹn?"

"Alága ni."

Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn, ọ̀kan nínú àwọn tó sunkún jù níbi ìpàdé. Òwú wà lára ìró rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sà. Ọmọ ló ń fi máṣíìnì ṣeré."

"Ọmọ wo? Èyí tó ń sùn lẹ́yìn yín yìí?"

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún wo mí. "Bóyá atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn ń rán kọ́là?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ara ti ilẹ̀kùn. "Alága, kí n bi yín. Ìyá Délé náà, ṣé ó ti dáwọ́ dúró?"

Ikọ́ kan dédé mú mi. Mo hú u títí mo fi dé òpin àdúgbò náà. Òótọ́ ni pé nígbà tí mo kúrò nílé láàárọ̀, Ìyá Délé wà nídìí máṣíìnì. Mo ti sọ fún un pé kó rọra máa tẹ̀ ẹ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyanṣẹ́lódì náà fi kú. Mánẹ́jà mọ̀ pé ó ti kú, ó sì mọ̀ pé inú ṣì ń bí wa, ló bá fi ọgbọ́n ọlọ́jà mú un. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun fipá mú wa. Ó ní kí a dìbò. Bí èyí tó fẹ́ gbọ̀ngàn bá pọ̀ jù, òun á kó páálí kúrò. Bí èyí tó fẹ́ ilé bá pọ̀ jù, kí olúkúlùkù panu mọ́.

Báwo la ṣe máa dì í? Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ ìwé. Ìgbà tí a fi ìka tẹ ìwé nígbà kan rí, ìwé tó jáde nínú àpótí ju ènìyàn tó wọlé lọ. Èmi ni mo wá mú àbá wá, mo sì yan bí àparò. Mo ní kí wọ́n fún olúkúlùkù ní àjákù aṣọ kan náà, gígùn kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ̀ngàn, kó fi òwú pupa rán ìlà kan sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ilé, kó fi òwú funfun rán an. Kò sí ẹni tó lè rán èrú sí i, mo ní, nítorí ọwọ́ télọ̀ dà bí ojú rẹ̀, ẹlòmíràn kò lè gbé e wọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyá Rónkẹ́ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Mo tilẹ̀ rò pé nítorí ìka rẹ̀ ni.

"Alága," ó ní, "ọwọ́ wa tí ẹlòmíràn ò lè gbé wọ̀ yìí, ẹni tó ti ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ọdún mẹ́jọ, ṣé kò ní dá a mọ̀ ni?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀," mo dá a lóhùn. "Àwọ̀ ni wọ́n ń kà, wọn ò ka ọwọ́."

Ọgbọ́n ọmọ ìwé mẹ́fà nìyẹn. Télọ̀ nìkan ló lè gbọ́n irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, télọ̀ nìkan ló sì lè tipa rẹ̀ kú. A sá fún olè tó ń fọ́ àpótí, a wá kọ orúkọ wa sára ìbò.

Olójú-abẹ́rẹ́ ló gbé àpò káàkiri, ilé dé ilé, bó ṣe ń kó iṣẹ́. Nítorí inú ilé là ń gbé ṣiṣẹ́, inú ilé náà ló ti gba ìbò wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdì aṣọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ kejì. Ẹlòmíràn wo ìdì yẹn, ó wo òwú pupa, ó sì mú funfun. Mi ò bú wọn.

Ọjọ́ tí a kà á, wọ́n sún páálí díẹ̀ sẹ́yìn kí àyè lè gbà wá. Ó pẹ́ tí gbogbo wa ti jọ wà lábẹ́ òrùlé yẹn. Èèyàn ń fọwọ́ kan ibi tí máṣíìnì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Mánẹ́jà jókòó. Olójú-abẹ́rẹ́ gun orí páálí kan, ó nu ìka rẹ̀, ó fọwọ́ bọ àpò.

"Pupa," ó ní, ó jù ú sí ọ̀tún. "Funfun," ó jù ú sí òsì. Ó mú ẹ̀kẹta, ó gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó wò ó pẹ́.

"Pupa. Ìyá Rónkẹ́. Àtàǹpàkò tí kò tẹ̀ mọ́ ni kò jẹ́ kó lè di aṣọ mú, ìlà náà ń yà sí òsì."

Ẹ rántí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ó wá lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa mọ́. Ìyá Rónkẹ́ dìde dúró. "Èmi ni," ó ní, ó sì jókòó.

Ó ń bá a lọ. Gbogbo pupa tó bá mú, á pe ẹni tó rán an, á sọ ohun tó fi mọ̀ ọ́n: èyí máa ń fa òwú jù, èyí máa ń fo ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò ṣi ẹyọ kan. Funfun, kì í pe orúkọ.

Nígbà tó kù díẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rí eyín rẹ̀ rí kí ó tó dọjọ́ yẹn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá dé ibi yìí nínú ìtàn, ohun tí mo máa ń sọ ni pé tèmi ló mú, pé ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, pé mo fò dìde mo gbá a ní etí, ó já bọ́ sínú páálí ọtí. Mo sì máa ń fi kún un pé ẹyọ ìbò kan ṣoṣo ni wọ́n fi jà wá lólè. Wọ́n ti gbé ọtí sí mi lẹ́nu nítorí ìtàn yẹn láti Kọmáńdì títí dé Àgbàdo. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

"Funfun," Olójú-abẹ́rẹ́ ní. "Èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí ó dùn. Ilé Alága yín ló ti jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ Alága. Ọwọ́ Alága máa ń wọ́ bí ẹsẹ̀ arọ. Èyí gún. Ọwọ́ ìyàwó Alága ni. Láti bí oṣù mẹ́rin ni mi ò ti rí ọwọ́ Alága lára aṣọ kankan."

Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Olúkúlùkù kàn yíjú, wọ́n ń wò mí bí a ti ń wo ohun tí ajá bì sẹ́nu ọ̀nà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo wà lórí ẹní mi lábẹ́ igi odán. Ìyá Délé mú àjákù aṣọ náà jáde.

"Èwo ni kí n rán, Bàbá Délé?"

"Funfun."

"Funfun kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní..."

"Rán funfun jàre. Pupa wọn á pọ̀ tó láìsí tèmi."

Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní ṣé kò gbọ́ Yorùbá ni. Ẹ̀rù ilé iṣẹ́ kò bà mí. Ẹní yẹn ló dùn mọ́ mi. Bí a bá padà sí gbọ̀ngàn, ẹsẹ̀ ara mi ni màá fi tẹ máṣíìnì, ìdì ènìyàn kan ni màá gbà, màá sì jí kí àkùkọ tó kọ.

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n pupa, mẹ́rìndínlógójì funfun. Mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jù wá. Tèmi nìkan kò tó láti yí i padà, mo sì ti fi èyí tu ara mi nínú rí. Ìtùnú náà kì í pẹ́ tó fi ń kan. Láàárín mẹ́rìndínlógójì yẹn, mélòó ló rán funfun nítorí wọ́n ti gbọ́ máṣíìnì láti ilé Alága ní ọ̀sẹ̀ tí Alága ní kí wọ́n dúró? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Èmi ni ògiri.

Bí a ti ń jáde, Ìyá Rónkẹ́ dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ó mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn, bí ẹni ń yẹ ọjà wò.

"Ọwọ́ yín mọ́ o, Alága," ó ní. "Abẹ́rẹ́ ò bá a sọ̀rọ̀ rárá." Ó sì lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìdì àwọn tó rán pupa dínkù. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, tirẹ̀ kò dé mọ́. Àwọn ọkùnrin méjì wá gbé máṣíìnì náà kúrò nínú yàrá rẹ̀, wọ́n sì fi ojú ihò ẹsẹ̀ máṣíìnì mẹ́rin sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì. Kílíníkì gbà láti máa wo ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún nílé, bí ó bá ti mú abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ náà dání. Ohun tí a rí gbà nìyẹn, kò kéré fún àwọn tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìyá Rónkẹ́ kò sí lára wọn. Gbọ̀ngàn kò padà. Ẹgbẹ́ wa kò tún ṣe ìpàdé, nítorí ta ni yóò pè é? Èmi dùbúlẹ̀ lórí ẹní mi fún ọdún díẹ̀ sí i títí ilé iṣẹ́ náà fi wó. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Nígbà kan tí ara mi balẹ̀, mo bi Ìyá Délé pé bí ó bá jẹ́ tirẹ̀, kí ni ì bá rán?

"Ẹ tún wá ń bi mí," ó ní. "Nínú gbogbo yín, èmi nìkan ni mo tẹ máṣíìnì láìgba ìdì lórúkọ ara mi, tí mo dìbò láìní ìbò. Pupa ni ǹ bá rán."

"Nítorí Ìyá Rónkẹ́?"

"Nítorí kí ẹ lè jáde nílé."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé lónìí, ẹ jẹ adùn rẹ̀, mi ò dù yín. Ẹ wo àmì tó wà lábẹ́ àgbọ̀n ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó ń wọ yàrá yín láìkanlẹ̀kùn. Ẹ béèrè ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ nínú ilé tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan. Ẹ sì mọ ibi tí ẹ̀yin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti lè jọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tó yẹ kó bẹ̀rù lè bẹ̀rù. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kan wà tí mo jẹ Ìyá Rónkẹ́. Kò gùn. Ọmọ ìwé mẹ́fà lè sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan.

Ó ṣì wà ní Ìgàndò. Sùtánà funfun ló ń rán fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níta, kò gbé máṣíìnì wọ yàrá mọ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo gbé ṣòkòtò dúdú mi tó ya ní ìdí wọ̀, mo lọ bá a. Ṣòkòtò náà ni mo fi bojú. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ.

"Ìyá Rónkẹ́," mo ní, "ọ̀rọ̀ ìjọ́sí..."

"Ẹ bọ́ ṣòkòtò," ó ní. "Ẹ gba ìró yìí, ẹ ró o."

Mo ró ìró obìnrin, mo jókòó sórí àpótí lójú títì, àwọn èèyàn ń kí mi bí wọ́n ti ń kọjá. Ó na ọwọ́ sí ibi tí òwú wà. Dúdú wà níbẹ̀. Ó mú funfun.

"Òwú dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ yín yẹn," mo ní.

"Mo rí i," ó ní, ó sì ki òwú funfun bọ abẹ́rẹ́.

Ó rán an, àtàǹpàkò rẹ̀ ń nà sókè gan-an bó ṣe ń ti aṣọ lọ. Ó fún mi padà, ó ní kí n máa lọ, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo délé. Ìyá Délé ní kí n mú un wá kí òun tú u, kí òun fi dúdú rán an. Mo ní kó fi sílẹ̀. Òun ni mo ń wọ̀ jáde lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó bá rìn lẹ́yìn mi á rí ìlà funfun kan lára dúdú, ó yà díẹ̀ sí òsì.